Bí Mo Ṣe Ti Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mọ́ Bàbá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀ ná. Ohun tí mo ṣe kò dáa, mo mọ̀, àmọ́ tí mo bá gbé e mì, ẹlòmíì á tún ṣe irú ẹ̀.

Iṣẹ́ gíláàsì ojú ni mò ń ṣe. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ dígí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, férémù kún ara ògiri, àga oníbàárà kan ṣoṣo wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí dígí bá ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ojú mi ò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Tí mo bá gbójú sókè fìrí báyìí, ó ti kéré jù fún férémù nìyẹn. Dígí tó bá sì ti kéré, kò sí ẹni tó lè fà á gùn.

Ilé ìkẹ́jasí, níbi tí wọ́n ń kó ẹja dídì pamọ́ sí, ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í mú fóònù wọnú òtútù yẹn. Bó ṣe di pé èmi ni bàbá rẹ̀ ń pè nìyẹn.

Bàbá ọkọ mi yìí, ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ àyẹ̀wò òṣùwọ̀n. Òun ló ń lọ láti ọjà dé ọjà, tí á gbé òkúta ìwọ̀n rẹ̀ lé orí ìwọ̀n àwọn ọlọ́jà. Èyí tó bá péye, á lu òǹtẹ̀ lé e. Èyí tó bá ń yan ènìyàn jẹ, á gbé e lọ. Bàbá Òṣùwọ̀n ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, òun nìkan ló ń gbé ilé rẹ̀, ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí tiwa.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ géérégé, fóònù mi á dún.

Bàbá á ní, ìyàwó mi, ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Ìrìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbọ́ mi! Òjò tó rọ̀ sórí òrùlé rẹ̀ náà ló rọ̀ sórí tiwa. Tó bá ti kúrò lórí òjò, á bi mí pé ife omi mélòó ló ń lọ sínú ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ló máa ròyìn igi tòmátò tó gbìn sẹ́yìn ilé, torí ojoojúmọ́ ló ń fi rúlà wọ̀n ọ́n. "Ó ti fi ìdajì íńṣì ga ju ti àná lọ." Èmi á ní ẹ kú iṣẹ́, sà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mo fẹ́ràn bàbá yìí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, òun ló jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, dígí méjì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ìpè aago mẹ́wàá, olùkọ́ kan sì wá gba gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láì rí i gbà.

Mo rojọ́ fún ọkọ mi. Ó ní báwo lòun ṣe máa sọ fún bàbá òun pé kó má pe ìyàwó òun, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ. Èmi náà ńkọ́? Ẹnu wo ni ìyàwó ilé á fi sọ fún bàbá ọkọ rẹ̀ pé ẹ má pè mí mọ́? Ojú ń tì mí. Inú ń bí mi lábẹ́lẹ̀.

Ibi tí ìdánwò ti gbà wọlé rèé. Obìnrin kan wà ní ìkángun àdúgbò wa, Màdáàmù Síìmù là ń pè é. Ó ń ta síìmù, ó ń tún fóònù ṣe, ó sì fẹ́ràn àlàyé ju oúnjẹ lọ. Mo gbé fóònù mi lọ bá a nítorí pé kì í gba iná dáadáa. Bó ṣe ń tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí mi ò bèèrè.

Ó ní iléeṣẹ́ mẹ́ta ló wà lórí àtẹ òun, oníkálukú pẹ̀lú ìwà tirẹ̀ bí ọmọ ìyá. Alágboòrùn ni àgbà wọn. Dátà rẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ gùn, ó ń la ògiri kọjá, kò sí kọ̀rọ̀ yàrá tí ìpè rẹ̀ ò lè dé. Oníràwọ̀ ni ọmọ tuntun. Orí fọ́ọ̀jì, ìyẹn 4G, gan-an ló ń gbé ìpè gbà, ohùn á mọ́ gaara, àmọ́ tí ènìyàn bá ti yà kúrò ní títì, ó di àwátì. Ẹléyẹ tí èmi ń lò, eré ló ń fi dátà sá. Ṣùgbọ́n kò tíì lè gbé ìpè lórí fọ́ọ̀jì. Tí ẹnì kan bá pè mí, fóònù á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sórí tíríìjì tàbí túùjì àtijọ́, á gba ìpè níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa tó gòkè padà.

"Ìdí tí mo fi ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà Ẹléyẹ nìyẹn," Màdáàmù Síìmù wí, ó ń tọ́ka sí ojú fóònù. "Ẹ wo ibí yìí. Tí ẹ bá ṣèèṣì tì í sórí fọ́ọ̀jì nìkan, kò ní lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Dátà á máa ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè yín, wọ́n á sọ fún un pé ẹ ò sí ní àrọ́wọ́tó. Ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Ìkìlọ̀ ni obìnrin yìí ń ṣe fún mi. Iṣẹ́ ni èmi ń kọ́.

Mo gbìyànjú o. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ara mi jà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá lù, fóònù dún, mo gbójú sókè, dígí kẹta bàjẹ́. Bàbá ní tòmátò ti yọ òdòdó. Mo ní ẹ kú oríire, sà, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́wàá lù, mo ti fóònù mi sórí fọ́ọ̀jì nìkan.

Áà, ìdákẹ́jẹ́ dùn. Mo lọ dígí mẹ́fà kí ó tó di ọ̀sán. Mo tilẹ̀ ya fọ́tò férémù tuntun, mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú mọ́tò ni wọ́n ń gbé sí wa, wọ́n sì ní kí n máa bá àwọn wá èyí tó bá ojú àwọn mu. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fèsì. Dátà ń ṣàn, kò sẹ́ni tó ń pè mí.

Nírọ̀lẹ́ mo ṣí i padà. Bàbá pè, ó ní òun pè mí láàárọ̀, wọ́n ní mi ò sí ní àrọ́wọ́tó.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá mi," ni mo wí. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Mo sọ fún ara mi pé mi ò purọ́. Àbí kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Ẹ wo àwáwí!

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Mọ́ńdè dé Fúráìdé, aago mẹ́wàá sí mẹ́rin. Mo já fáfá débi pé nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ń bú iléeṣẹ́ Ẹléyẹ, èmi gan-an ni ohùn mi ń ròkè jù. Ọkọ mi ní ká tiẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn sí wọn. Mo ní ká ní sùúrù fún wọn, ìṣòro ò tán nílé ẹnì kankan.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé oṣù méjì.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, bàbá gun àpótí láti pààrọ̀ gílóòbù ilé ìdáná. Àpótí yẹ̀, bàbá ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Fóònù wà lápò rẹ̀. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n sọ fún un pé mi ò sí ní àrọ́wọ́tó. Ó pe ọkọ mi, ti ìyẹn ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù níta yàrá òtútù. Orí símẹ́ǹtì ilé ìdáná ló wà fún wákàtí mẹ́ta, títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wá yá ìwé ìròyìn fi gbọ́ ohùn rẹ̀, tó sì ránṣẹ́ sí mi nílé.

Dókítà ní egungun ò ṣẹ́, kó fi bọ́ńdéèjì dì í, kó sinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ yẹn tó wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá, ara mi tutù. Mo wọ ilé ìwẹ̀ bàbá lọ, mo tìlẹ̀kùn, mo ṣí fóònù mi padà. Mo búra pé mi ò ní fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́ láyé mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Àǹtí dé ní ọjọ́ kejì. Wọ́n kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀ bàbá, wọn ò tilẹ̀ jókòó.

"Bàbá ò lè dá gbé níbí mọ́," Àǹtí wí. "Tí nǹkan bá ṣe wọ́n, fóònù ò wọlé sọ́dọ̀ yín. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀."

Bàbá wo àga rẹ̀, ó wo fèrèsé, ó wo fọ́tò ìyàwó rẹ̀ lára ògiri. Ilé yìí, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ ọ, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn. Mo rí i pé kò fẹ́ lọ rárá. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbí, igi tòmátò rẹ̀ wà níbí. Ohun kan ṣoṣo tó ń lé e jáde ni irọ́ mi, èmi nìkan ló sì mọ̀.

Mo lọ bu omi tútù wá fún Àǹtí.

Bàbá ní kí Àǹtí fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní òun á yẹ iléeṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò bí ẹni ń yẹ ìwọ̀n wò, tí òun bá rí èyí tó ń wọlé dé ọ̀dọ̀ mi láì yẹ̀, òun á dúró sílé òun. Tí òun ò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun á di ẹrù òun, òun á tẹ̀lé e. Àǹtí gbà.

Bí ìyà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá yá fóònù mẹ́ta lọ́wọ́ Màdáàmù Síìmù, ó fi síìmù iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi rúlà fa ìlà sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pè mí, láti pálọ̀, láti ilé ìdáná, láti ẹ̀yìn ilé, ó ń tiro lọ, ó ń tiro bọ̀.

Á ní, ìyàwó mi, Oníràwọ̀ lèyí o, ẹ̀yìn ilé ni mo wà, kí ni ohùn mi gbà nínú mẹ́wàá? Mo ní mẹ́ta, bàbá mi, ó ń já. Á rìn dé pálọ̀ tó kọjú sí títì, á tún pè, ohùn rẹ̀ á mọ́ bí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní Alágboòrùn ń wọlé láti inú kọ́bọ́ọ̀dù pàápàá. Mi ò bi í ohun tó ń wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Èmi tí mo sá fún ìpè ẹyọ kan, mo wá ń gba mẹ́sàn-án lójúmọ́. Kó tó dún tán ni mo ti gbé e. Dígí ń bàjẹ́, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìpè mẹ́rìndínláàádóje ni bàbá ti pè. Ohùn mìíràn dára, ohùn mìíràn ń já, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tí wọ́n ní mi ò sí ní àrọ́wọ́tó. Inú mi dùn. Mo rò pé bàbá ti bọ́.

Inú Àǹtí ò dùn. Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní àìsàn tó lọ láì lo oògùn, tí a ò sì mọ ohun tó fà á, á tún padà wá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé bàbá ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó ní ìwọ̀n tó ti ṣìṣe rí, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ ohun tó ṣe é, òun ò jẹ́ lu òǹtẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú àpótí.

A kó ẹrù sínú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ní ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé ìrọ̀rí. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní oòrùn ti ń mú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ikọ́ ló jáde.

Ìgbà náà ni Màdáàmù Síìmù wọlé láti gba fóònù rẹ̀. Bàbá ní kó jókòó. Ó ní ìbéèrè kan ń jẹ òun lọ́kàn, òun ò fẹ́ gbé e rìnrìn-àjò. Ó ṣí ìwé mìíràn, ìwé àtijọ́ tí mi ò mọ̀ pé ó wà. Gbogbo ìpè tí ò wọlé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ló kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú aago.

"Mọ́kànlélógójì ni," bàbá wí. "Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin. Kò sí ti Sátidé, kò sí ti Sọ́ńdè. Ọmọ mi obìnrin yìí sì ní àwọn ọjọ́ yẹn gan-an, fọ́tò ń ti inú fóònù náà wá sọ́dọ̀ òun. Ìwọ̀n tó bàjẹ́, ó ń ṣìṣe sọ́tùn-ún, ó ń ṣìṣe sósì. Èyí tó bá ń tẹ̀ sí apá kan ṣoṣo lójoojúmọ́, ìka ènìyàn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ló lè ṣe fóònù bẹ́ẹ̀?"

Màdáàmù Síìmù rẹ́rìn-ín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n, àlàyé ló fẹ́ràn.

"Ìyẹn ò le, bàbá. Orí fọ́ọ̀jì nìkan ni wọ́n tì í sí, tí wọ́n sì ń ṣí i nírọ̀lẹ́. Ẹléyẹ ò lè gba ìpè níbẹ̀. Ṣebí mo fi han ìyàwó yín nígbà tí…"

Ó rí ojú mi. Ọ̀rọ̀ tó kù, ó gbé e mì.

Ọkọ mi gbé tábìlì kékeré dání, kò gbé e jáde, kò gbé e sílẹ̀. Àǹtí yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, dígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìka mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ilé ìwẹ̀ tí mo ti lọ ṣí i. Mi ò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Àǹtí ní, háà, ìyàwó wa. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ìbéèrè kan ló kù," ó wí. "Ọjọ́ tí mo ṣubú, ká ní ó dún, ṣé wàá gbé e?"

Gbogbo wọn ń dúró kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó sì rọrùn láti sọ, ta ló máa já mi nírọ́? Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú mi.

"Mi ò mọ̀, bàbá mi," mo wí. "Dígí wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ṣeé ṣe kí n máà gbé e."

Ẹkún gbé mi. Bàbá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ já ẹrù mi kalẹ̀," bàbá wí. "A ti mọ ohun tó ṣe ìwọ̀n. Ẹni tó lè sọ èyí tó sọ tán yìí lójú gbogbo wa, mo lè gbé nítòsí rẹ̀."

Àǹtí wo bàbá, wọ́n wò mí, wọ́n tẹ orí ba. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹrù, èmi nìkan ni n ó kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Wọ́n jókòó sí ìta pẹ̀lú ọkọ mi àti Màdáàmù Síìmù, wọ́n ń mu omi tútù, wọ́n ń ka ẹrù. Ní ẹrù kẹfà, mo gbọ́ tí ẹ̀rín pa wọ́n.

Bí mo ṣe ń gbé àpótí ìwé wọlé, bàbá fi ọ̀pá dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Ẹléyẹ ni òun náà ń lò, ṣé mo lè kọ́ òun ní títì fọ́ọ̀jì yẹn. Ó ní Àǹtí ń pe òun ní aago márùn-ún àárọ̀ lójoojúmọ́ láti bi òun bóyá òun ti jí, bẹ́ẹ̀ ìpè yẹn gan-an ló ń jí òun.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju àpótí sílẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ kàn sọ fún wọn pé aago yẹn ò bá yín lára mu," mo ní. "Wọn ò ní bínú."

Bàbá wò mí lọ títí.

"Kí ló dé tí ìwọ ò fi sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi?"

Mo dúró síbẹ̀, ẹrù lórí mi, òógùn lójú mi.

"Aago mẹ́wàá ò dáa fún mi, bàbá mi," mo wá ní. "Aago kan ni mò ń jẹun. Nígbà yẹn, a lè sọ̀rọ̀ títí tó bá fi sú yín."

"Aago kan. Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

Ó mi orí, bí ẹni tó rí ohun ẹ̀rín tó sì tún dùn ún. Ó yí padà, ó tiro lọ sẹ́nu ọ̀nà ìta, ó sì ké sí ọmọ rẹ̀ obìnrin pé kó gbé ife omi yẹn sílẹ̀ kó wọlé wá, ọ̀rọ̀ kan wà nípa aago márùn-ún àárọ̀.